Sickle SCAN àti HemoTypeSC: kíìtì jẹ́nótáìpù oníṣẹ́jú díẹ̀ lórí tábìlì láàbù l'Ékòó

Ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn ẹ̀jẹ̀ ní Ìdí-Àràbà tàbí ní Ìkẹjà fún ọjọ́ kan péré. Kò ní tó agogo méjìlá ọ̀sán tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ yóò fi wọlé pẹ̀lú ìwé èsì mẹ́ta lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ sọ pé AA, èkejì sọ pé AS, ẹ̀kẹta tún padà sọ pé AA. Wọ́n ti pín ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìyá ìyàwó ti ra aṣọ ẹbí ní Balógun. Jẹ́nótáìpù ni irú hìmóglóbìn, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, tí ènìyàn jogún lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá: A ni èyí tó dára, S ni ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde; ẹni SS ló ní àrùn náà, ẹni AS kàn gbé S kan lára ni. Kì í sì í yí padà bí ojú ọjọ́. Ohun tó ń yí padà ni ọwọ́ tó ṣe àyẹ̀wò náà àti ohun tó fi ṣe é. Ìdí nìyẹn tí a fi yẹ kíìtì méjì wò fínnífínní, Sickle SCAN àti HemoTypeSC, nítorí àwọn onílàábù kékeré, àwọn agbẹ̀bí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, àti nítorí ẹni tó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ san àyẹ̀wò.

Ìdájọ́ wa nìyí kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀: kíìtì méjèèjì dára, wọ́n sì tó owó tí wọ́n ń gbà, pàápàá fún ọmọ tuntun àti fún ibi tí iná kò ti dúró. Àmọ́ a kò ní gbà kí tọkọtaya kankan fi ìlà orí kíìtì nìkan pinnu ìgbéyàwó, bó ti wù kí ìlà náà pọ́n tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí kíìtì wọ̀nyí wá rọ́pò. Ní ọ̀pọ̀ láàbù ojú títì, ohun tí wọ́n ń pè ní àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kì í ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù rárá. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, wọ́n á pò ó mọ́ sodium metabisulphite 2%, wọ́n á bò ó, wọ́n á wá wò ó lábẹ́ máíkírósíkópù bóyá sẹ́ẹ̀lì pupa á tẹ̀ bíi dòjé. Àbí kí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sínú omi oògùn, kí wọ́n gbé ìwé tí a kọ nǹkan sí sẹ́yìn rẹ̀: bí omi náà bá dàrú débi pé wọn kò lè ka ìwé ọ̀hún, S wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni méjèèjì lè dáhùn: ṣé S wà nínú ẹ̀jẹ̀ yìí? Wọn kò lè ya AS kúrò lára SS. Metabisulphite tí wọ́n pò lánàá ti kú. Bí wọ́n bá lò ó lónìí, ẹni AS lè jáde bí ẹni tí kò ní nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí PCV rẹ̀ (ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀) ti lọ sílẹ̀ gan-an kì í sì í mú omi náà dàrú tó, àfi kí wọ́n kán an ní ìlọ́po méjì. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé àyẹ̀wò méjèèjì kò mọ C, irú hìmóglóbìn mìíràn tó ń di àrùn bí ó bá pàdé S, rárá. Ẹni tó jẹ́ AC, AA ni wọ́n á kọ fún un.

Ọ̀rọ̀ C yìí kàn wá gan-an. Ó wọ́pọ̀ láàrin àwa Yorùbá ju àwọn tó wà ní ìlà-oòrùn Odò Ọya lọ. Bí AC bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SC. Ẹni SC kì í sábà rí bí ẹni tí àwọn ènìyàn ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ara rẹ̀ lè sanra, PCV rẹ̀ lè wà ní 33 tàbí 35, ó lè di ẹni ọgbọ̀n ọdún kí ó tó mọ̀. Ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tàbí orí egungun itan tó ń jẹ ẹ́, tàbí ìrora ńlá nígbà oyún ni á tú àṣírí. Nítorí náà, àyẹ̀wò tí kò bá lè rí C, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ṣe ti tọkọtaya nílẹ̀ Yorùbá. Ibí ni kíìtì méjèèjì ti kọ́kọ́ gba máàkì lọ́wọ́ wa: A, S àti C ni wọ́n ń wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀.

Iṣẹ́ tí ìlà wọ̀nyí ń ṣe kì í ṣe kékeré. Okùn beta tó wà nínú hìmóglóbìn ní amino acid (ẹyọ èròjà tí a fi hun okùn náà) 146, ẹyọ kan ṣoṣo ni S fi yàtọ̀ sí A nínú gbogbo rẹ̀. Ẹyọ kẹfà ni: glutamic acid ló wà níbẹ̀ nínú A, valine ló wà níbẹ̀ nínú S, lysine ló wà níbẹ̀ nínú C. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Vernon Ingram ló fi ti S hàn ní 1956 sí 1957. Áńtíbọ́dì tí wọ́n fi sórí kíìtì, ìyẹn èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó, gbọ́dọ̀ dá ojú ẹyọ kan yẹn mọ̀ láàrin gbogbo ìyókù. Ibi tí kíìtì méjèèjì ti ya ara wọn ni ọ̀nà tí ìlà ń gbà hàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà, a ó dé ibẹ̀.

Sickle SCAN, iléeṣẹ́ BioMedomics ní North Carolina l'Amẹ́ríkà ló ń ṣe é. Nínú páálí ni ẹ ó ti rí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dì sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgò kékeré tí oògùn olómi mílílítà 1 ti wà nínú rẹ̀, àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ máíkírólítà 5 fúnra rẹ̀. Máíkírólítà 5 kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lọ. Ẹ ó gún ìka, ẹ ó fi ẹnu ọ̀pá náà kan ẹ̀jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò fà á mu títí yóò fi kún. Ẹ ó tì í bọ inú ìgò oògùn, ẹ ó dojú ìgò náà délẹ̀ kí ẹ tún gbé e dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, oògùn náà á fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, hìmóglóbìn á sì tú jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ ó kán ẹ̀kán 5 sí ojú ihò kásẹ́ẹ̀tì. Láàrin ìṣẹ́jú 5 èsì ti jáde. Ìlà tó bá hàn ni hìmóglóbìn tó wà níbẹ̀: ìlà A nìkan, AA, ìlà A àti S, AS, ìlà S nìkan, SS, ìlà S àti C láìsí A, SC.

HemoTypeSC, Silver Lake Research ní California ló ń ṣe tirẹ̀. Ó rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹrù rẹ̀ sì kéré. Omi ẹ̀kán 6 ni ẹ ó kán sínú ìgò rẹ̀. Bébà funfun kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀pá tí ẹ ó fi kan ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ń mu kò tó máíkírólítà 2. Ẹ ó rò ó pọ̀ mọ́ omi náà, omi á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ ó sọ ọ̀pá yẹn nù, ẹ ó wá ki pẹlẹbẹ àyẹ̀wò bọ inú omi náà pẹ̀lú ọfà rẹ̀ tó dojú kọ ìsàlẹ̀. Ó di ìṣẹ́jú 10, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó kà á. Omi tí ìwé inú páálí bá dárúkọ ni kí ẹ lò. Kì í ṣe omi kànga dẹ̀rọ tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀, irú èyí tó pọ̀ ní Erékùṣù àti lẹ́bàá ọ̀sà.

Ọ̀rọ̀ kíkà ló wá kù. Ti HemoTypeSC, òdìkejì ti Sickle SCAN ni. Hìmóglóbìn tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ìlà rẹ̀ máa PARẸ́. Áńtíbọ́dì kò pọ̀ níbẹ̀; bí S inú ẹ̀jẹ̀ bá ti gba áńtíbọ́dì S mọ́ra, kò ní sí èyí tó máa kù láti lẹ̀ mọ́ ìlà S tó wà lórí pẹlẹbẹ, ìlà náà kò ní hàn. Ẹ wá wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì lo Sickle SCAN, tí a wá gbé HemoTypeSC fún. Ẹ̀jẹ̀ AA ló wà níwájú rẹ̀: ìlà A parẹ́, ìlà S àti C hàn gedegbe. Yóò kọ SC. Ẹ̀jẹ̀ SS: ìlà S parẹ́, A àti C hàn, yóò kọ AC. Ẹ̀jẹ̀ AS: C nìkan ló hàn, yóò kọ CC. Ọmọ tó ní àrùn á máa lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sàn, ẹni tó sàn á máa fi omijé lọ sílé. Kò sí àṣìṣe tó tóbi tó èyí nínú gbogbo iṣẹ́ kíìtì wọ̀nyí, kò sì sí ẹ̀bi kíìtì níbẹ̀.

Oògùn rẹ̀ rọrùn. Láàbù kan, kíìtì kan. Bí ẹ bá yan ọ̀kan, ẹ má ṣe kó èkejì wọlé, ì báà jẹ́ pé wọ́n ń tà á ní ẹ̀dínwó ní Ìdúmọ̀tà. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, ẹ kọ ohun tí ojú rí kí ẹ tó kọ ìtumọ̀ rẹ̀: ìlà ìdánilójú (èyí tó ń fi hàn pé kíìtì ṣiṣẹ́), ìlà A, ìlà S, ìlà C, òpó mẹ́rin, kí ẹ kọ “hàn” tàbí “kò hàn” sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe fi lẹ́tà C dúró fún ìlà ìdánilójú bí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe sí kíìtì ibà tàbí ti HIV, torí hìmóglóbìn C ni ẹni tó bá yẹ ìwé náà wò lọ́la á kà á sí. Kí ènìyàn méjì kà á, kí èkejì má mọ ohun tí àkọ́kọ́ kọ. Bí ìlà ìdánilójú kò bá hàn, ẹ sọ ọ́ nù kí ẹ ṣe òmíràn, bó ti wù kí àwọn ìlà yòókù dára tó.

Ìlà tó rẹ̀, tí kò hàn dáadáa ńkọ́? Èyí náà yàtọ̀ síra. Nínú Sickle SCAN, ìlà tó bá hàn, bó ti wù kó rẹ̀ tó, wà níbẹ̀ nìyẹn. Nínú HemoTypeSC, ìlà tó rẹ̀ lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi sí i ló kéré jù, tí kò lè pa ìlà náà rẹ́ tán. S ẹni AS kò ju nǹkan bí 35 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí bébà ẹnu ọ̀pá kò bá mu ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ìlà S lè kù díẹ̀ síbẹ̀, kí ẹni tó ń kà á sì sọ pé AA ni. Bí ẹ bá ń ṣe iyèméjì, ẹ gún ìka mìíràn, ẹ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ojú inú parí ìlà.

Ọ̀pọ̀ ohun tó ń bàjẹ́, ọ̀dọ̀ ìka ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti fi sípírítì nu ìka, tí kò jẹ́ kó gbẹ kó tó gún un, ti da sípírítì pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń fún ìka bí ẹni ń fún ọsàn, omi ara ló ń fún jáde, ẹ̀jẹ̀ á sì là. Ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ wẹ ọwọ́ rẹ̀ bí ọwọ́ bá tutù, ẹ gún ẹ̀gbẹ́ ìka àárín tàbí ìka kẹrin, kì í ṣe góńgó rẹ̀, ẹ fi òwú gbígbẹ nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ kúrò, ẹ lo ẹ̀kán kejì. Ìkókó kì í ṣe ẹni tí à ń gún níka: ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde tàbí inú, kì í ṣe àárín ibi tó yípo, torí egungun wà nítòsí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ inú ìgò EDTA (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) olómorí elésè àlùkò ni, ẹ yí ìgò náà lójú délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá kí ẹ tó fà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti jókòó láti àárọ̀ máa ń já sọ́nà méjì. Ẹni tó bá fà lókè, omi ẹ̀jẹ̀ lásán tí kò ní sẹ́ẹ̀lì ni ó fà.

Ooru l'Ékòó tún wà níbẹ̀. Páálí ni ó ń sọ ìwọ̀n ooru tí kíìtì lè fara dà, 30°C sì ni òpin tó wọ́pọ̀ fún irú ohun àyẹ̀wò báyìí. Lóṣù kejì sí ìkẹta, ọ̀sán Èkó ń kọjá ìyẹn láìjẹ́ pé ènìyàn wà lábẹ́ páànù. Páálí tó sùn nínú búùtù mọ́tò láti Àpápá dé Ìkòròdú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, a kò mọ ohun tó kù nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà òjò, omi inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá: ọ̀rá tí a já sílẹ̀ kí aláìsàn tó dé, pẹlẹbẹ inú rẹ̀ á ti mu omi, ẹ̀jẹ̀ kò ní gòkè dáadáa lórí rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ìka bá ti wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ tó já ọ̀rá. Bí ẹ bá gbé e sínú fíríìjì, ẹ jẹ́ kó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níta kí ẹ tó ṣí i, kí òógùn má bàa bò ó. Fèrèsé sì ni kí ẹ ti kà á. Gílóòbù oníná pupa tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé, ó máa ń pa ìlà rírẹ̀ mọ́ ojú.

Ibi tí a ti fẹ́ràn kíìtì wọ̀nyí jù ni ẹsẹ̀ ibùsùn ìyá ọlọ́mọ. Ọmọ tuntun ní hìmóglóbìn F, èyí tí ọmọ ń lò nínú oyún, púpọ̀, ó ju ìdajì lọ dáadáa. A tàbí S rẹ̀ kéré. Àyẹ̀wò metabisulphite lè tàn wá jẹ níbẹ̀ pátápátá, torí S kò tíì pọ̀ tó láti tẹ sẹ́ẹ̀lì, F náà ò sì ní jẹ́ kó tẹ̀. Kíìtì ń wá S fúnra rẹ̀ ni, kò bìkítà nípa F. Wọ́n ṣe méjèèjì kí wọ́n lè rí A, S àti C tó kéré bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò ní láti dúró de ẹ̀jẹ̀ tó máa gun Third Mainland Bridge lọ sí Ìdí-Àràbà kí èsì tó padà wá. Kí ó tó mu ẹ̀kọ tán, ó ti mọ̀. Bí ó bá jẹ́ S nìkan, ọ̀nà ti là: pẹnisílìn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti nǹkan bí oṣù méjì títí ọmọ á fi pé ọdún márùn-ún, oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú un, folic acid, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kì í jẹ́ kí àrùn pneumococcus pa á, àti kí a kọ́ ìyá bí a ti ń fọwọ́ kan ọlọ inú ikùn ọmọ láti mọ̀ bóyá ó ń wú. Ikú tó ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́dún àkọ́kọ́ sí ìkẹta kì í dúró de ìgbà tí ìka á wú.

Ilẹ̀ wa ti mọ ikú yẹn tipẹ́, orúkọ ni a fi ń bẹ̀ ẹ́: Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́. Kòsọ́kọ́ tó jọba Èkó láti 1845 dé 1851, orúkọ àbíkú ló jẹ́. Kì í ṣe SS ló pa gbogbo àwọn tí a pè ní àbíkú, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru pa púpọ̀ nínú wọn. Àmọ́ ní ilẹ̀ tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ti jẹ́ AS, kò lè ṣàìsí SS nínú wọn.

Ìṣọ́ra kan nípa ìkókó: ẹ má ṣe gba ẹ̀jẹ̀ láti ara okùn ìwọ́. Ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń dàpọ̀ mọ́ ọn, A tó wá láti ara ìyá á sì jẹ́ kí ọmọ SS dà bí AS. Gìgísẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á. Kí ẹ sì tún àyẹ̀wò náà ṣe pẹ̀lú ọ̀nà mìíràn nígbà tí ọmọ bá ti tó bí ọdún kan, tí F ti lọ sílẹ̀.

Nísinsìnyí, ohun tí kíìtì kò lè sọ. Kò lè sọ iye. Ó ń sọ pé A wà, S wà, kò sọ pé mélòó. Ẹ gbé ọmọ SS kan wò tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn: A ẹni ẹlẹ́ni ń ṣàn nínú rẹ̀, kíìtì á sọ AS, kò sì parọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń gbé nǹkan bí ọjọ́ 120 láyé. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kí ẹ tó gún ìka ni: “Ṣé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láàrin oṣù mẹ́rin sẹ́yìn?” Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kíìtì kò ní í ṣe níbẹ̀. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, tàbí kí ẹ yẹ jẹ́nótáìpù ìyá àti bàbá wò.

Ẹni tó jogún S lọ́dọ̀ òbí kan, tó jogún beta thalassaemia (àbùkù tí kì í jẹ́ kí ara ṣe hìmóglóbìn tó) lọ́dọ̀ èkejì, kíìtì kò lè dá a mọ̀. Bí thalassaemia náà kò bá jẹ́ kí A kankan jáde, ìlà S nìkan ló máa hàn, a ó pè é ní SS, ìtọ́jú rẹ̀ sì sún mọ́ ara. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń jẹ́ kí A díẹ̀ jáde, kíìtì á sọ AS, aláìsàn á sì máa jẹ̀rora, wọ́n á máa sọ fún un pé AS kì í ṣàìsàn. Ohun tó ń tú u fó ni pé S rẹ̀ pọ̀ ju A lọ, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ sì kéré lójú. Nínú AS gidi, A ló máa ń pọ̀ ju S. Kíìtì kò mọ D, kò mọ E, irú hìmóglóbìn méjì mìíràn. Kò lè dá ẹni tó ní S àti D mọ̀.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ electrophoresis, tó ń fi iná mànàmáná ya hìmóglóbìn síra, kò tíì kú. Láti 1949 tí Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi iná mànàmáná fi ìyàtọ̀ S sí A hàn, ọ̀nà yẹn ṣì ni ọ̀pọ̀ láàbù ńlá l'Ékòó gbẹ́kẹ̀ lé. Lórí pẹlẹbẹ cellulose acetate, pẹ̀lú omi buffer tí pH rẹ̀ wà ní 8.4 sí 8.6, A á sáré jù, F á tẹ̀ lé e, S á tẹ̀ lé F, C á gbẹ̀yìn. Ojú lásán ti rí i bóyá A pọ̀ ju S. Ènìyàn mélòó kan ni ẹ sì lè ṣe papọ̀ lórí pẹlẹbẹ kan, owó á fọ́n ká. Àmọ́ D máa ń jókòó sí ibi tí S wà, E sí ibi tí C wà, ẹ ó nílò gel olómi kíkan tó wà ní pH 6 láti yà wọ́n. Ewu rẹ̀ tó tóbi jù l'Ékòó ni iná: kí NEPA mú iná lọ ní àárín eré, kí ó tó di pé wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, àwọn ìlà á ti fẹjú, A àti S á gun ara wọn. Ọ̀pọ̀ AS tó di AA láti ibi báyìí ló ti wá, tàbí láti ara buffer tí wọ́n ń lò láti Ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́ Ẹtì láìpààrọ̀. Láàbù tí kì í gbé ẹ̀jẹ̀ AS àti SC tó ti mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aláìsàn lórí pẹlẹbẹ kan náà, kíìtì oníṣẹ́jú 10 sàn ju ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Fún àwọn tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, HemoTypeSC ni a máa yàn láti fi kọ́ni, nítorí pé ìkàwé rẹ̀ ta ko ohun tí ojú ń retí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lóye ohun tí áńtíbọ́dì ń ṣe kí ó tó lè kà á. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní ibi tí ọwọ́ ti ń yí padà, tí agbẹ̀bí kan ń lọ tí òmíràn ń bọ̀, Sickle SCAN ni, torí ìlà tó hàn ni ó wà. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ẹ̀jẹ̀ náà sórí gíláàsì kí ó wò ó pẹ̀lú. Bí kíìtì bá sọ S nìkan, tí kò sí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bíi dòjé lórí gíláàsì, tí PCV sì jẹ́ 42 nínú àgbàlagbà tí kò ṣàìsàn rí, ẹ wá ìgò tí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíràn sí kí ẹ tó wá àrùn. Gíláàsì SC máa ń kún fún sẹ́ẹ̀lì tó rí bí ojú ibi tí à ń ta ọfà sí, àárín dúdú, òrùka funfun yí i ká.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ wo ọjọ́ tí yóò kú lára páálí àti lára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n máa ń tú páálí pín. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, kí ẹ sì fi ojú yín rí i. Ẹ kọ nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ tẹ̀ sí páálí náà sínú ìwé, kí ẹ fi ẹ̀jẹ̀ AS kan àti SC tàbí AC kan tí ẹ ti mọ̀ dán an wò kí ẹ tó fi ṣe ti aláìsàn kankan. Owó ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ ìgúnka àti òwú, ẹ rò ó mọ́ ọn kí ẹ tó dárúkọ iye. Owó kíìtì ń bá dọ́là gòkè, kò sí iye tí a máa kọ síbí tí kò ní ti yí padà.

Fún tọkọtaya: ẹ̀jẹ̀ méjì, tí wọ́n gbà ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ọ̀nà méjì, kíìtì lẹ́ẹ̀kan, electrophoresis tàbí HPLC (ẹ̀rọ tó ń ya hìmóglóbìn síra, tó sì ń sọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan) lẹ́ẹ̀kejì. Bí méjèèjì bá bára mu, ó tán. Bí wọn kò bá bára mu, HPLC ni ó máa dá ẹjọ́ náà, kì í ṣe láàbù kẹrin ní ojú títì. Ìwé èsì gbọ́dọ̀ ní orúkọ ọ̀nà tí wọ́n fi ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, àti ìdáhùn sí ìbéèrè ẹ̀jẹ̀ fífà. Ìwé tí ó bá kọ “Genotype: AA” lásán, láìsọ ọ̀nà, ẹ dá a padà lórí káńtà kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹ tó kúrò.